Alágbàsọ Àárín Èmi àti Ọkọ Mi

Ó ku díẹ̀ kí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun wọlé nígbà tí mo lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan ní Táíwò Road, láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ojú-ìwé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tíṣà ni mí, mo sì ti lé ní ogójì ọdún. Ọkọ mi sọ fún àwọn àlejò wa láti ṣọ́ọ̀ṣì pé ìyàwó òun ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà ní ẹni tó ń pe ìyàwó kó wá bá òun tan fáànù, kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì? Wọ́n rẹ́rìn-ín ju ti àkọ́kọ́ lọ. Láti ọjọ́ náà la ò ti bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́. Ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n agídí ò jẹ́ kí n kọ́kọ́ lanu.

Màámi, ìyá ọkọ mi, wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, wọ́n wá láti Ọ̀mù-Àrán wá gba ìtọ́jú ojú. Ní pálọ̀, àárín wa ni wọ́n máa ń jókòó sí.

"Màámi, ẹ bá mi bi í bóyá oúnjẹ ti délẹ̀."

Mo gbọ́ ohun tí ọkọ mi wí, etí mi ò di. Síbẹ̀ mo dúró títí wọ́n fi yíjú sí mi.

"Ìyàwó mi, ọkọ rẹ ní o kú iṣẹ́. Ó ní ṣé oúnjẹ ti délẹ̀?"

Kú iṣẹ́ wo? Kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ní kíláàsì kọ̀ǹpútà, gbogbo nǹkan ni mo dà pọ̀ sójú kan nínú iṣẹ́ mi: máàkì àwọn ọmọ ilé ìwé, àwọ̀ ojú-ìwé, gbogbo rẹ̀. Mo yí àwọ̀ sí búlúù, máàkì pòórá. Ọ̀gá wa ní kí n pín in sí mẹ́ta. Mọ́dẹ́lì ni yóò máa tọ́jú òótọ́ ọ̀rọ̀, fíù ni yóò máa fi hàn fáráyé, kọntírólà ni yóò máa gba iṣẹ́ tí èèyàn bá rán, tí yóò sì máa jẹ́ ẹ. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, kọntírólà kan wà nílé wa. Ó ń jẹ obì ní pálọ̀."

Ó ní kọntírólà kò gbọdọ̀ dá ọ̀rọ̀ sọ láti inú ara rẹ̀ o. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màámi wá bá mi ní kíṣìnnì. "Ọkọ rẹ ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́. Ó ní kò yẹ kí òun fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́." Ọkàn mi rọ̀. Mo din dòdò fún ọkọ mi, òun náà sì kí mi kú alẹ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ padà nìyẹn, láìsí ẹni tó mẹ́nu ba ìjà.

Nígbà tí ojú Màámi sàn, a sìn wọ́n dé gáréèjì. Bọ́ọ̀sì gbéra.

"O ṣeun tó o rán Màámi wá bẹ̀ mí," ni ọkọ mi wí.

"Èmi kẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin lẹ rán wọn sí mi ní kíṣìnnì!"

A jọ yíjú sí bọ́ọ̀sì. Màámi ń juwọ́ sí wa lójú fèrèsé. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí mi. "Má bínú," ó ní. Èmi náà ní kó má bínú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì.