Bàálù Já

Láti Fankúfà ní Kánádà tí Dùnmínínú ti gbéra títí dé Èkó, ó tó bí ẹgbẹ̀rún méjìlá kìlómítà, bí èèyàn bá lè fò ó tààrà. Ta ló fẹ́ fò ó tààrà? Kò sí bàálù tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ní láti dúró ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó wọ òmíràn, ọjọ́ kan gbáko á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sí i. Èkó sí Adó-Èkìtì tún wà lọ́tọ̀, ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ ọ̀nà yẹn.

Kíkẹ́lọmọ, ìyá rẹ̀, ò lè jókòó. Nínú yàrá wọn l'Ókè-Ìlá, ní Adó níbẹ̀, ni Ọlálérè, ọkọ rẹ̀, wà. Àìsàn ọkàn ló dá a dùbúlẹ̀. Dókítà ti kìlọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kó gbọ́ ohunkóhun tó lè kó o láyà sókè. Baba yìí ò sì fẹ́ nǹkan míì láyé mọ́ ju kó fojú kan ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Tíṣà jọ́gíráfì ni tẹ́lẹ̀ ní Ìgèdè, ìlú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì ń bá bàálù náà lọ.

"Ibo ló dé báyìí?"

"Orí Sàhárà ni, Bàbá Dùnmínínú."

"Ó ti kọjá omi nìyẹn. Á bá mi nulé." Bí wọ́n ṣe ń pe ilé ní Ìgèdè nìyẹn.

Kíkẹ́lọmọ tún tẹjú mọ́ bàálù kékeré tó ń rá pálá lójú fóònù rẹ̀, èyí tó ń fi ibi tí bàálù ọmọ rẹ̀ dé hàn. Nígbà tó yá, bàálù pòórá. Ó tẹ fóònù títí, kò rí i. Àsìkò tó yẹ kó balẹ̀ dé, ó kọjá, ẹnikẹ́ni ò pè. Ẹ̀rù bà á gidi. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ má baà rí ojú rẹ̀.

Fóònù dún. Níìfẹ́mi ni, àbúrò rẹ̀ tó lọ pàdé ọmọ náà ní pápákọ̀ òfuurufú.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Bàálù já..."

Ló bá gé.

"Yéè! Bàálù já! Bàálù ti já o! Dùnmínínú mi! Mo gbé o!" Kíkẹ́lọmọ ṣubú lulẹ̀, ó ń yí gbiri lórí sìmẹ́ńtì. Ó gbàgbé pé fèrèsé yàrá ṣí sílẹ̀.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì oníranù! Ìgbà tó bà á jẹ́ tán ló rántí iṣẹ́ rẹ̀. Fóònù tún dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ó gé ni. Mo ní bàálù já wọn sílẹ̀ báyìí. Ó kàn pẹ́ díẹ̀ ni. Ọmọ yín rèé, ẹ gbà á."

Ayọ̀ gbé Kíkẹ́lọmọ dìde. Ó sáré wọ yàrá, fóònù lọ́wọ́. "Bàbá Dùnmínínú, irọ́ ni o! Ó já wọn sílẹ̀ ni Níìfẹ́mi ń wí! Ọmọ wa ti dé!"

Ọlálérè ti gbìyànjú àtidìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nílẹ̀, ara yòókù wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò wo ẹnì kankan. Kíkẹ́lọmọ gbọ́wọ́ lé e láyà. Ó ti kú.

Ọmọ ń rẹ́rìn-ín nínú fóònù. "Màámi, mo ti dé o! Ẹ gbé fóònù fún bàámi."