Àwòrán Ilé Tí Òkun Gbé Lọ

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ HTML, èdè tí a fi ń ṣe ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìkànnì àkọ́kọ́ tí mo ṣe dá lórí abúlé wa. Mo fi àwòrán ilé pákó ìyá mi àgbà sí i, ilé tí òkun ti gbé lọ. Màmá rí i lórí kọ̀ǹpútà mi, inú wọn dùn, wọ́n sì pe àbúrò wọn tó ń gbé ní Ugbonla, ìlú kan létí òkun, pé kí ó ṣí ìkànnì náà lórí fóònù rẹ̀.

Àbúrò wọn ní, "Mo rí ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ò rí ilé kankan."

Màmá tún wo kọ̀ǹpútà mi. "Bóyá ojú mi ni kò ríran dáadáa mọ́," ni wọ́n wí.

Kì í ṣe ojú wọn. Èmi ni mo gbàgbé láti gbé àwòrán náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orí kọ̀ǹpútà mi nìkan ló wà. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo tún un ṣe, mo sì jẹ́wọ́. Màmá ní kò burú. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá fi nǹkan hàn wọ́n, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé àwọn ẹlòmíràn náà ń rí i?" Mi ò sì lè wò wọ́n lójú.