Fàsásì àti Sípíkà Tó Ya

Bí sípíkà ẹnìkan bá bàjẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí kò mọ ilé Fàsásì, àlejò ni. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí ọkùnrin náà ti ń tún rédíò àti sípíkà ṣe ní àdúgbò Òjòwò. Ọ̀rọ̀ tó wà lára pátákó ìta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò gùn: OHÙN TÓ MỌ́ GAARA. Mọ́ṣáláṣí ń gbé tiwọn wá, ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé tiwọn wá. "Wáyà ò mọ ẹ̀sìn," ló máa ń wí. Níbi ìwàásù, kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, bí ohùn ṣe ń jáde ló máa ń gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti dìde láàárín ìwàásù Jímọ̀ láti lọ yí bọ́tìnì. Lémọ́mù bá a wí títí, ó sú u.

Ọmọ ni Ọlọ́run fi dán an wò. Khalilullah, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, wọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, kò sì lo ọdún kan níbẹ̀ tó fi gbé gìtá wálé. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, wọ́n pè é ní Olóríkunkun. Wọ́n ní pọ́ńkì rọ́ọ̀kì ni orin tí àwọn ń kọ. Fàsásì ní kí wọ́n là á yé òun. Wọ́n ní orin ìbínú ni, àwọn fi ń pariwo pé iná ò sí, ọ̀nà ò dáa, iṣẹ́ ò sí. Ó ní ó ti yé òun: ohun tí gbogbo ìlú ń fi ẹnu lásán sọ láìgbé gìtá kọ́rùn ni.

Ariwo kọ́ ló dùn ún, sípíkà ni. Khalilullah ní sípíkà dúdú kan tó máa ń so mọ́ gìtá ní yàrá rẹ̀, ohùn tó ń ti inú rẹ̀ jáde sì ń ha bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páànù lórí kọnkéré. Fàsásì á gbá ògiri: "Khalilullah! Ó ti bàjẹ́!" Nígbà tó ṣí i, ó rí i pé bébà inú rẹ̀ tó ń gbé ohùn jáde ti ya lójú mẹ́ta. Ó lẹ̀ ẹ́ pa dà. Ọmọ náà ní, "Ẹ ṣé, bàámi." Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ó tún ti ya lójú mẹ́ta yẹn náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Fàsásì ro ó síwá, ro ó sẹ́yìn, ó ní eku ni. Ó ra tàkúté, ó dẹ ẹ́ sẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ rẹ̀. Tàkúté náà kò mú nǹkan kan rí, àfi ìka ẹsẹ̀ Fàsásì fúnra rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kadà tó gbé Khalilullah forí sọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ́nà Awa. Fóònù tí wọ́n ká gbogbo orin wọn sí fọ́ mọ́ ọn lápò. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Fàsásì kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni, ó kàn jẹ́ pé kò gbá ògiri mọ́.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kó pé ọdún, Zipporah wá. Ọmọ tíṣà kan ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni, òun ló ń lé orin fún ẹgbẹ́ náà. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, a fẹ́ fi orin rántí ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí a tó parí ìwé, kí oníkálukú tó bá tiẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé sípíkà ẹ̀ wá. Inú ẹ̀ nìkan ni ohùn gìtá Khalil ṣẹ́ kù sí."

Nimotalahi, ìyàwó Fàsásì, kò fẹ́. "Bàbá Khalil, kí lẹ fẹ́ rè ṣe láàárín àwọn aláriwo yẹn?"

"Mo fẹ́ rè gbọ́ ohùn ọmọ mi."

Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí sípíkà náà, ìtìjú mú un. Ojú mẹ́ta! Ṣé kí wọ́n wá sọ lójú gbogbo ayé pé sípíkà ọmọ Fàsásì ya? Ọjọ́ méjì gbáko ló fi jókòó tì í. Ó yọ bébà àtijọ́, ó jó o pọ̀ mọ́ pàǹtírí, ó fi tuntun sí i. Kò sí alààyè kan tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún rí.

Ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Àgọ́-Ìwòyè ni wọ́n ti ṣe é, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Fàsásì wọ agbádá, ó jókòó níwájú. Ó wo àwọn ọmọ tó pa irun láró pupa, tí ṣòkòtò wọn ya lórúnkún, ó sì káàánú wọn pé wọn ò ní ẹni tí yóò bá wọn rán an. Jedidiah, tó fẹ́ ta gìtá dípò Khalilullah, so wáyà mọ́ sípíkà. Ó ta á.

Ohùn jáde. Ó mọ́ gaara, ó dùn bíi dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àjíǹde. Fàsásì rẹ́rìn-ín, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ẹni tí yóò kí i. Ẹnikẹ́ni kò mira. Ẹnìkan tó ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti fò rọra gbé e sílẹ̀. Jedidiah yí bọ́tìnì títí, nǹkan kan ò yí pa dà.

"Kí ló dé?" Fàsásì bèèrè. "Ṣé ò mọ́ tó ni?"

Zipporah wá kúnlẹ̀ tì í. "Ẹ má bínú, bàbá. Ó mọ́ jù. Khalil ló máa ń fi abẹ́ ya bébà yẹn. Yíya yẹn ló ń mú ohùn ẹ̀ wá."

"Kí wo wí?"

"Òun ló ń ya á, sà."

Inú kọ́kọ́ bí Fàsásì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin! "Kí ló dé tí ò sọ fún mi?"

"Ó ní ojú yín máa ń dán bí ẹ bá tún un ṣe tán, òun ò sì lè gba ìyẹn lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá sùn, á tún mú abẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ohùn kan ṣoṣo tó kù nílé ayé, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ nù ún dànù, ó tún ń rẹ́rìn-ín sí i.

"Ẹ jẹ́ ká máa lò ó bẹ́ẹ̀, bàbá," Jedidiah wí. "Bí a bá ní ká ya á, a ò mọ ojú ibi tó máa ń ya á sí. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n."

"Irọ́ ni," Fàsásì dáhùn. "Ta ló ń lẹ̀ ẹ́?"

Ó ní kí wọ́n fún òun ní abẹ́. Ó yọ tọ́níbáìsì tí kì í kúrò lápò rẹ̀, ó tú sípíkà. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ kò ba sípíkà jẹ́ rí. Ó ya àkọ́kọ́, ó gùn, ó wà lápá òsì. Èkejì kò ju ìdajì ìka lọ. Ẹ̀kẹta tẹ̀ díẹ̀ lápá ìsàlẹ̀. Ó fi ìka tọ ojú wọn, ó sì dè é pa dà.

"Ẹ ta á."

Sípíkà náà ha, ó bú. Gbogbo ilé fò sókè. Fàsásì kò fò. Ó dìde, ó di ojú, ó wá ògiri lọ, ó sì gbá a lẹ́ẹ̀mẹta: "Khalilullah! Ó ti bàjẹ́!" Àwọn ọmọ náà rò pé ègbè orin ni, wọ́n sì gbè é: "Ó ti bàjẹ́! Ó ti bàjẹ́!"

Nígbà tó délé, Nimotalahi ṣì ń dúró dè é.

"Ṣé sípíkà náà dún dáadáa?"

"Ó bàjẹ́ pátápátá," Fàsásì wí, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ó kọjá lára ìyàwó rẹ̀, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gbé tàkúté náà kúrò níbẹ̀.