Bàálù Tó Já àti Ẹ̀bi Tí Mo Gbé Ka Bàbá Lórí

Tíṣà físíìsì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Òkè-Ògbó, nílùú Ilé-Ifẹ̀. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi rìmóòtù darí bàálù kékeré lójú ọ̀run, nítorí náà ẹ má ṣe rò pé ìwà ọmọdé ni mo fẹ́ ròyìn. Ojú mi là, ara mi sì dá, lọ́jọ́ tí mo ṣe ohun tí mo ṣe.

Bàbá kan ní Mọ̀dákẹ́kẹ́ ló kọ́ mi. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ti ń tún rédíò, fáànù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe. Kó tó fẹ̀yìn tì, yunifásítì ló ti ṣiṣẹ́, nínú yàrá tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, níbẹ̀ ni òyìnbó kan sì ti fi eré bàálù yìí hàn án. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé-ẹ̀kọ́ wa tó bàjẹ́ ni mo gbé lọ fún un tí mo fi rí ìyẹ́ funfun gígùn kan lára ògiri rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ ń fi èyí ṣe?"

"Ìyẹ́ bàálù mi ni. Ara rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó mi ní òun ò fẹ́ rí i lórí àga mọ́."

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, ó mú mi lọ sí pápá bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n ti pa tì lẹ́yìn ìlú. Bàálù tirẹ̀ jẹ́ oníyẹ̀ẹ́ kan, ìyẹ́ náà sì wà lókè orí rẹ̀. Ó rọrùn púpọ̀. Bí mo bá ti ṣi ọwọ́ mú un tí ọkàn mi sì dà rú, Bàbá á ní, "Fi rìmóòtù sílẹ̀, má fọwọ́ kàn án." Mo bá fi í sílẹ̀, bàálù náà á tún ara rẹ̀ ṣe, á máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Oṣù mẹ́ta péré ni mo fi kọ́ ọ, mo sì ti rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán. Bàálù oníyẹ̀ẹ́ méjì ni ọkàn mi ń fẹ́, èyí tí ìyẹ́ kan wà lókè tí èkejì wà nísàlẹ̀, tó lè tàkìtì, tó lè yí gbirigbiri, tó sì lè dojú ikùn kọ ọ̀run kó máa fò bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá mi orí rẹ̀ pé rárá.

"Oníyẹ̀ẹ́ méjì kì í ran èèyàn lọ́wọ́, Tíṣà. Ibi tó o bá fi sí ló máa wà. Tó o bá yí i dojú dé tó o sì gbàgbé, bó ṣe máa wọlẹ̀ nìyẹn. Fi ọdún kan sí i lórí oníyẹ̀ẹ́ kan yìí ná."

Mi ò gbọ́. Àbúrò mi tó wà lókè òkun ni mo ní kó bá mi rà á. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbà lẹ́nu Bàbá ni pé kí n má ra onípátákó tó ń lo ẹ́ńjìnnì epo. Ó ní tí pátákó bá fọ́, ó ti fọ́ nìyẹn, àmọ́ fóòmù ṣeé lẹ̀. Epo á sì máa da gbogbo ara bàálù láàmú, nígbà tó jẹ́ pé bátìrì ò ní ìdọ̀tí kankan. Onífóòmù ni àbúrò mi fi ránṣẹ́ sí mi, pupa àti funfun, ìyẹ́ rẹ̀ ò sì gùn ju apá mi kan lọ.

Bàbá ló kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń tọ́jú bátìrì rẹ̀. Bátìrì onísẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló ní kí n máa lò, pé onísẹ́ẹ̀lì mẹ́rin lágbára lóòótọ́ ṣùgbọ́n ó wúwo, bàálù tó bá sì wúwo kì í fẹ́ yára yí. Ó ní n kò gbọ́dọ̀ lò ó tán pátápátá kí n tó sọ ọ́ kalẹ̀, n kò sì gbọ́dọ̀ fi í sórí ṣájà kí n wá lọ sùn, torí ó lè gbiná. Àárín búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ní ẹ̀yìnkùlé ni mo ti máa ń ṣájì rẹ̀ nígbà tí iná bá dé, tí màá gbé àga jókòó tì í. Ìyàwó mi ní òun kò rí mi kí n jókòó ti òun bẹ́ẹ̀ rí.

Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tó tàkìtì lójú ọ̀run, mo pariwo bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ fún. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa. Ó kù kó o mọ ìgbà tí kò yẹ kó o ṣe é."

Lẹ́yìn náà ni ilé-ẹ̀kọ́ wa pe àwọn òbí wá sí ọjọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Mo ti ṣe ìlérí fún Màmá Pirinsípà pé bàálù mi máa fò lórí pápá. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, ọ̀kan lára àwọn mọ́tò kéékèèké tó ń gbé etí ìyẹ́ sókè sódò dákẹ́. Etí ìyẹ́ yìí ni wọ́n fi ń mú bàálù tẹ̀ sí ọ̀tún tàbí òsì. Mo gbé e sáré lọ sí Mọ̀dákẹ́kẹ́. Bàbá pa iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ tì, ó fi mọ́tò mìíràn sí i, ó sì fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà rẹ̀ pọ̀. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Kó o tó gbé e gbéra lọ́jọ́ náà, dúró sẹ́yìn rẹ̀. Tẹ ọwọ́ rìmóòtù sí ọ̀tún. Etí ìyẹ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ gbéra sókè. Tí kò bá gbéra sókè, má fò ó."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo jókòó sínú ọ́fíìsì àwọn tíṣà, mo ń tẹ rìmóòtù. Mo fẹ́ kí etí ìyẹ́ náà máa gbéra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí bàálù lè yí kíákíá, kí ẹnu lè ya àwọn òbí. Ojú rìmóòtù náà dà bíi ti fóònù kékeré, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ sì pọ̀. Mo tẹ eléyìí, mo tẹ tọ̀hún. Wọ́n wá pè mí pé àwọn àlejò ti jókòó. Mo gbé bàálù jáde. Mi ò dúró sẹ́yìn rẹ̀. Mi ò tẹ ọwọ́ sí ọ̀tún. Gbogbo èèyàn ti ń wò mí, mo sì rò pé dídúró wò ó máa jọ ti ẹni tí iṣẹ́ ò dá lójú.

Bàbá wà níbẹ̀. Èmi ni mo pè é. Ó wọ agbádá funfun, ó jókòó láàárín àwọn òbí lábẹ́ kánópì.

Bàálù gbéra dáadáa. Kò tíì ga ju ilé alájà kan lọ tí atẹ́gùn fi tì í díẹ̀ sí òsì. Mo tẹ ọwọ́ sí ọ̀tún kí n fi gbé e dúró. Ó tún tẹ̀ sí òsì sí i. Mo tẹ ọwọ́ sí ọ̀tún pátápátá. Ó yí dojú dé, ó dorí kọ ibi tí àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ jókòó sí. Mo gbọ́ tí Bàbá ń ké lẹ́yìn mi pé, "Pa á! Pa iná rẹ̀!" Mo pa á. Ó já lulẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí àwọn ọmọ náà, ìyẹ́ òkè sì fò dànù. Àwọn ọmọ tú ká pẹ̀lú igbe. Kò sí ẹni tó fara pa, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run.

Màmá Pirinsípà sáré dé ọ̀dọ̀ mi.

"Tíṣà, kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ fẹ́ bá mi pa ọmọ ọlọ́mọ!"

Mo wo bàálù nílẹ̀, mo wo àwọn òbí tí wọ́n ti dìde. Ẹnu mi ló ṣáájú mi.

"Wáyà tí Bàbá jó ló já, Mà. Mo sì sọ fún wọn pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa."

Títí di òní, mi ò mọ ibi tí mo ti rí gbólóhùn kejì yẹn mú. Mi ò sọ nǹkan kan fún Bàbá. Òun ló sọ fún mi. Gbogbo ojú yí sí i. Ẹnì kan lẹ́yìn mi sọ ọ̀rọ̀ kan nípa àdúgbò tí Bàbá ti wá, ọ̀rọ̀ tí àwa ará Ifẹ̀ ò yẹ kí á tún máa sọ mọ́ láti ìgbà tí ìjà Ifẹ̀ àti Mọ̀dákẹ́kẹ́ ti parí. Mo gbọ́ ọ, mo sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Bàbá ṣí fìlà rẹ̀. Ó tẹrí ba fún obìnrin tó tó bí lọ́mọ.

"Ẹ má bínú, Mà. Ojú mi ni. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tú bàálù náà sórí tábìlì ilé mi. Wáyà tí Bàbá jó wà níbẹ̀ pinpin. Mo fà á, kò mì. Mo fi bátìrì sí i, mo tẹ ọwọ́ sí ọ̀tún. Etí ìyẹ́ ọ̀tún lọ sísàlẹ̀. Mo ṣí ojú rìmóòtù, mo sì rí i: ọwọ́ ara mi ló ti yí ọ̀tún sí òsì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyàwó mi bi mí léèrè ohun tó ṣe mí. Mo ní orí ló ń fọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi pa á mọ́ra. Bàbá pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní òun ní gọ́ọ̀mù tó dára fún fóòmù, kí n gbé ìyẹ́ náà wá. Mo ní iṣẹ́ ìdánwò ò jẹ́ kí n ráyè. Lẹ́ẹ̀kejì, ó kàn ní, "Tíṣà, má bínú sí mi o." Mo ní, "Rárá, Bàbá, kò sí nǹkan kan." Bí mo ṣe dáhùn nìyẹn, bí ẹni tó ń dárí jì í.

Ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ló sọ ọ́ débi tí mi ò ti lè sá mọ́. Mo bá a pàdé níwájú ilé, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn sórí ọ̀kadà.

"Ṣé ẹ mọ ẹlòmíì tó lè bá wa tún un ṣe?" ó bi mí. "Bàbá yín tó wà ní Mọ̀dákẹ́kẹ́ ti palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn mọ́. Wọ́n ní ojú àwọn ti bàjẹ́, pé àwọn ò fẹ́ jó wáyà tó máa dáná sun mọ́ṣáláṣí."

Mi ò wọlé mọ́. Mo gun ọ̀kadà mìíràn lọ sí Mọ̀dákẹ́kẹ́. Nígbà tí a ń kọjá ní Ẹnuwá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kí ọlọ́kadà yí padà. Mo ń rò ó pé bóyá kí n sọ pé wáyà náà dára, kí n má wulẹ̀ dárúkọ rìmóòtù. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ilẹ̀, ti rìmóòtù, ti àyẹ̀wò tí mi ò ṣe, àti pé láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni mo ti mọ̀. Màmá dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró.

Bàbá yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbé e lé itan.

"Ọmọ mi mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú," ó ní. "Dókítà ní ojú mi ò ṣe nǹkan kan, pé kí n kàn pààrọ̀ gíláàsì. Mo sọ fún ọmọ mi pé dókítà náà ò mọṣẹ́. Ìwọ ni mo gbà gbọ́. Nítorí tíṣà ni ọ́."

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá."

"Dìde nílẹ̀. Ṣé èmi nìkan lo sọ ọ́ létí lọ́jọ́ yẹn ni? Lọ bá àwọn tó gbọ́ ọ."

Mo dìde. Màmá ò wò mí nígbà tí mo ní ó dàbọ̀.

Ìpàdé àwọn òbí àti tíṣà bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo ní kí Màmá Pirinsípà fún mi láyè. Mo dúró níwájú wọn, mo ní èmi ni mo ṣi rìmóòtù tẹ̀, èmi ni mi ò yẹ bàálù wò, iṣẹ́ tí Bàbá ṣe ò ní àbùkù kankan, irọ́ ni mo sì pa. Bàbá ọmọ kan dìde, ó nawọ́ sókè, ó ní, "Ṣé ibi tí ọmọ tèmi jókòó sí ni bàálù yẹn dorí kọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí, ó jókòó. Màmá Pirinsípà ní bàálù ò gbọ́dọ̀ fò nínú ọgbà náà mọ́ láé, wọ́n sì fúnra wọn lọ sí Mọ̀dákẹ́kẹ́ lọ́jọ́ kejì láti tọrọ àforíjì.

Bàbá ṣí ṣọ́ọ̀bù padà pẹ̀lú gíláàsì tuntun. Mo gbé bàálù oníyẹ̀ẹ́ méjì náà lọ fún un, mo ní kó máa jẹ́ tirẹ̀. Ó tì í padà sí mi.

"Ṣé o fẹ́ fi dí mi lẹ́nu ni? Gbé e lọ. Lẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ."

Mo lẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Kò dára tó bí òun ì bá ti ṣe é, ìyẹ́ òkè ṣì wọ́ díẹ̀. Oṣù mélòó kan kọjá kó tó ní kí n wá sí pápá. A jọ ń lọ báyìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo Sátidé, a kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí n tó gbéra, ó máa ń wá dúró sẹ́yìn bàálù fúnra rẹ̀, á ní, "Ọ̀tún." Mo máa tẹ̀ ẹ́, á wò ó, á sì kúrò níbẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, tíṣà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sílé-ẹ̀kọ́ wa sọ fún mi pé òun ti gbọ́ ìtàn ìpàdé àwọn òbí yẹn. Ó ní olóòótọ́ èèyàn bíi tèmi ò wọ́pọ̀ mọ́. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó yẹ kí n sọ fún un pé Bàbá ló rán mi, pé ká ní ó dárí jì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, bóyá mi ò ní dé iwájú ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Ẹ ṣé," mo sì kọjá lọ sí kíláàsì mi.