Síìpù Ẹ̀yìn Iṣu Ajènìyàn

Inú iṣu ni mo wà lọ́jọ́ tí Bàbá Alágbàáà, olórí àwọn eléégún abúlé kan lẹ́bàá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, wá dá iṣẹ́ wa dúró. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ẹ tó rò pé orí mi ti dàrú.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mo ń ṣe ní Ṣakí. Ọ̀rẹ́ mi Làmídì ti bá àwọn onísinimá alágbèéká ṣiṣẹ́ rí. Fíìmù òyìnbó àtijọ́ ni wọ́n ń gbé kiri, àwọn tí wọ́n fi owó táṣẹ́rẹ́ ṣe: òkú tó jí, aláǹtakùn tó tóbi ju ilé lọ. Nínú ọ̀kan, iwin kan kọ ẹ̀yìn sí èrò, síìpù aṣọ rẹ̀ sì hàn gbangba. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Làmídì ò gbàgbé síìpù yẹn mọ́. Nígbà tí òun náà rí kámẹ́rà yá, ó ní òun máa fi fíìmù tòun yẹ́ àwọn ti àtijọ́ yẹn sí. Á ba èèyàn lẹ́rù, á sì pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ ní Iṣu Ajènìyàn. Àwa ará Òkè-Ògùn ti ń jẹ iṣu tipẹ́. Ó ní ó tó kí iṣu náà jẹ wá wò.

Èmi ni mo rán iṣu náà. Àpò kòkó ni mo fi ṣe awọ rẹ̀, mo ki òwú sí i níkùn, mo so ìko mọ́ ọn bí irun iṣu. Ara mi ni mo fi wọ̀n ọ́n, nítorí kò sí ẹlòmíì ní ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà tó parí la rí i pé kò sí òṣèré kankan tó bá mu: àwọn kan ga jù, àwọn kan sanra jù. Bí èmi tí mo ń sá fún òjìji ara mi ṣe di abàmì nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa.

"Jẹ́ kí síìpù hàn lẹ́yìn," Làmídì ní.

"Kí wọ́n lè sọ pé télọ̀ tó rán an ò mọṣẹ́?"

"Ibẹ̀ gan-an lẹ̀rín wà."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo lọ fi ìko bò ó.

Ọ̀sán gangan la ń ya fíìmù lóko kan lẹ́bàá abúlé náà. Mo dìde láàárín ebè, mo ń mì tìtì bí Làmídì ṣe kọ́ mi, làwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ bá yọ sí wa. Ohun tí wọ́n rí bo orí, ó bo ẹsẹ̀, ìko ń fì lára rẹ̀. Kí ni wọn ì bá tún rò? Wọ́n da ẹrù sílẹ̀, wọ́n sá wọ abúlé, wọ́n ní eégún tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ti jáde láìjẹ́ ọdún.

Kò pẹ́ tí Bàbá Alágbàáà fi dé pẹ̀lú àwọn ọkùnrin. Àwọn obìnrin dúró lókèèrè.

"Ta ló ni eégún yìí?"

Làmídì dọ̀bálẹ̀. "Ẹ gbà wá, bàbá. Kì í ṣe eégún. Iṣu ni."

"Iṣu?" Bàbá wò mí láti òkè délẹ̀. "Iṣu, sọ̀rọ̀ ká gbọ́."

Àpò kòkó bò mí lẹ́nu. Mo fẹ́ sọ pé "ẹ jọ̀ọ́," àmọ́ ohùn tó jáde há kẹ̀kẹ̀, bí eégún ṣe ń sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Ọkùnrin kan ṣí fìlà.

Ọ̀rọ̀ wá burú. Bí wọ́n bá kà mí sí eégún, wọn á gba aṣọ náà, wọn á sì ba gbogbo ohun tí a ti yà sínú kámẹ́rà jẹ́. Bí mo bá sì bọ́ ọ níwájú àwọn obìnrin kí wọ́n tó gbà pé n kì í ṣe eégún, èèwọ̀ ńlá ni mo dá. Mo dúró sínú àpò kòkó, òógùn ń wọ mí lójú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀," Làmídì bẹ̀ ẹ́. "Síìpù wà níbẹ̀."

Bàbá yí mi po. "Mi ò rí síìpù kankan."

Làmídì sún mọ́ mi. "O bò ó, àbí? Mo ní o ò ní gbọ́." Ó ya ìko sọ́tùn-ún sósì. Bàbá fọwọ́ tọ́ síìpù náà, ó fà á wálẹ̀ díẹ̀, ó tún fà á sókè.

"Síìpù ni lóòótọ́," ó ní. "Mi ò tíì rí ará ọ̀run tó ń lo síìpù."

Ó fà á délẹ̀. Mo jábọ́ síta tèmi ti síńgílẹ́ẹ̀tì tó rin gbindingbindin.

 Obìnrin kan na ọrùn láti ẹ̀yìn. Ìyá Àṣàkẹ́ ni, oníbàárà mi.

"Ṣé kì í ṣe télọ̀ Ṣakí nìyẹn? Télọ̀, bùbá mi ńkọ́? Láti ọdún tó kọjá lo ti ń sọ pé ó ku ọrùn."

Bàbá Alágbàáà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Àṣàkẹ́, jẹ́ kó mí ná. Iṣu ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ̀ ọ́ síta ni."

Ó gbà ká máa bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó fi kún un: níbikíbi tí iṣu náà bá ti yọ, síìpù rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn, kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé ọmọ aráyé ló wà nínú rẹ̀. Inú Làmídì dùn débi pé ó tún dọ̀bálẹ̀. Ìyá Àṣàkẹ́ fúnra rẹ̀ wọ fíìmù náà. Òun ló fi ọmọ odó lé mi yí oko ká.

Láti Ofiki dé Ìṣẹ́yìn ni a gbé e dé. Àwọn kan wò ó títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n lórí. Kí n tó kọ ẹ̀yìn ni wọ́n á ti máa pariwo síìpù. Mo ti gbé máṣíìnì sílẹ̀ báyìí, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń fi síìpù kí mi lójú títì. Aṣọ tí mo rán fún ìyàwó, fún tíṣà, fún nọ́ọ̀sì ò níye, kò sí ẹni tó rántí ọ̀kan. Èyí tí mo fẹ́ bo síìpù rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ mí.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fi í hàn ní gbọ̀ngàn kan ní Ṣakí, tí a fi aṣọ dí gbogbo fèrèsé, ẹ̀gbẹ́ Ìyá Àṣàkẹ́ ni mo jókòó sí. Bùbá rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí ebè là, tí iṣu náà ń dìde bọ̀, mo di àga mú, mo pajú dé. Ó fi ìgúnpá gún mi.

"Télọ̀, lajú. Síìpù rèé."