Òkúta Funfun Inú Búùtù Mi

Agogo básíkù ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nígbà yẹn. Kí n tó lajú tán lórí bẹ́ẹ̀dì, màá ti gbọ́ ọ láti ẹnu géètì, ẹ̀ẹ̀mejì péré, bí ẹni ń kí gbogbo kílóòsì wa, òpópónà kékeré tí ilé wa wà, káàárọ̀. Bàbá Oníbásíkù ló ń jáde lọ síbi àdúrà òwúrọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì wà lára àwọn tí ìjọba pín ilé Fẹ́sítáàkì fún nígbà tí ọ̀dà ara ògiri ibẹ̀ ò tí ì gbẹ. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti fọ́n káàkiri, ó wá ku òun àti kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ nínú fúláàtì tó kọjú sí tèmi. Èmi ní tèmi, ọmọ dírébà láti Ìkìrun ni mí, mo háyà yàrá méjì, mo sì ń ta aṣọ ọmọ tuntun lọ́jà Agboju.

Ẹ bá mi wo bàbá tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún tó dé akoto, tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tó ń dán yanran bíi tàwọn tó ń gbálẹ̀ títì, tó so iná pupa mọ́ ẹ̀yìn básíkù, tó tún de dígí kékeré méjì mọ́ ọwọ́ básíkù náà. Bó bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, á na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbọọrọ, kódà bí kò sí ẹ̀dá mìíràn lójú títì ju ewúrẹ́ lọ. Gbogbo wa máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, èmi sì ni olórí wa. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Bàbá, ṣé ojú ogun lẹ̀ ń lọ ni?" Ó ní, "Ojú ogun sàn, ọmọ mi. Níbẹ̀, èèyàn mọ ọ̀tá rẹ̀. Lójú títì Èkó, ẹni tó kí ọ káàárọ̀ ló lè gbá ọ lulẹ̀ nírọ̀lẹ́, kò sì ní í jẹ́ pé ó kórìíra rẹ." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Nǹkan mìíràn tún wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Bàbá ti ka gbogbo kòtò tó wà láti ẹnu kílóòsì wa títí dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Ó mọ èyí tó jìn, ó mọ èyí tó fẹjú, ó mọ èyí tí irin gọ́tà yọrí nínú rẹ̀. Bí tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, á sọ̀ kalẹ̀, á ṣẹ́ ẹ̀ka igi, á fi sínú rẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí i. Ó ní, "Ẹni tó bá rí kòtò tí kò fi ewé sí i, òun náà ló gbẹ́ ẹ." Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dí ọ̀kan, inú rẹ̀ á dùn bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ló bímọ. Á pè mí láti òdìkejì, "Ọmọ mi, ó ti di mẹ́rìndínlógún o!" Òjò méjì á rọ̀, gbogbo ohun tí wọ́n fi dí i á bá omi lọ, a ó tún padà sí mẹ́tàdínlógún.

Mọ́tò kékeré kan ni mo ní nígbà náà, onílẹ̀kùn méjì, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá débi tí n kì í mọ èyí tí màá pè é. Bí mo bá kó ẹrù ọjà sí i, ìdí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀. Bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Mẹkáníìkì mi ní Amúwo ti wò ó, ó ní, "Àǹtí, wáyà rẹ̀ ló já. Ẹ sáà fi mọ́tò sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan péré." Ọjọ́ kan péré! Ẹ ò rí i pé n ò rí ọjọ́ kan yẹn nínú odidi ọdún kan. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" ni mo máa ń dá a lóhùn. Ilẹ̀ Fẹ́sítáàkì sì tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́, kí ni mo fẹ́ fi bíréèkì ọwọ́ ṣe? Níbi tí ilẹ̀ bá ti dagun díẹ̀, màá gbé òkúta kan jáde nínú búùtù, màá fi há táyà. Ẹni tó bá mọ Èkó á mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá rí mi níbi tí mo ti ń há táyà láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó mi orí. "Ọmọ mi, òkúta kọ́ ni bíréèkì." Èmi abẹnugan, mo ní, "Bàbá, òkúta kì í sáà já bíi wáyà." Kò bá mi jà. Lọ́jọ́ kejì ló gbé ọ̀dà funfun tó ṣẹ́ kù nígbà tó kun géètì rẹ̀ wá, bàbá arúgbó lóṣòó sílẹ̀, ó sì kun òkúta mi látòkè délẹ̀. Ó ní, "Bó ò bá ní í tún bíréèkì ṣe, jẹ́ kí àwa tó ń gun básíkù máa rí òkúta rẹ. Àwọn tó ń fi òkúta dá mọ́tò dúró, bí wọ́n bá ń lọ, wọ́n á fi sílẹ̀ sójú títì bí ẹni pé Ọlọ́run ló dá a síbẹ̀." Mo ní, "Bàbá, n kì í gbàgbé." Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ lówùúrọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Tiwa ò tiẹ̀ dúró dalẹ́.

Ọjọ́rú kan ni, nígbà òjò. Mo dúró ra búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́nu kílóòsì wa, níbi tí ilẹ̀ ti dagun sí gọ́tà, mo sì há táyà bí mo ṣe máa ń ṣe. N ò tí ì gba búrẹ́dì tán tí fóònù fi dún. Ẹni tí mo ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Mazamaza ló pè, ó ní ẹrù ti dé, pé bí n ò bá yára, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ti ṣa èyí tó dáa lọ. Mo kó sí mọ́tò, mo tẹná, ó di eré. Ìgbà tí mo dé Mazamaza tí mo ṣí búùtù ni mo rí i pé òkúta ò sí níbẹ̀. Háà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: àyà mi ò já rárá. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé, "Ta ló máa jí òkúta?" Mo ṣa àfọ́kù búlọ́ọ̀kù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo fi há táyà, mo bá tèmi lọ. Bí mo bá padà nígbà yẹn ni, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Òjò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sán. Gọ́tà wa kì í fara da òjò, kíá ló máa ń pọ gbogbo omi rẹ̀ sójú títì. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin tí òjò dá, omi ti bo ilẹ̀ dé kókósẹ̀, Bàbá sì ń bọ̀ láti ìpàdé ọ̀sán Ọjọ́rú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹlòmíràn ì bá sọ̀ kalẹ̀ kó máa ti básíkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá mọ ọ̀nà rẹ̀. Ó mọ̀ pé kòtò tó kẹ́yìn ti wà lẹ́yìn òun, pé kò sí ọ̀kankan mọ́ títí dé géètì. Ìdí nìyẹn tó fi ń wa básíkù rẹ̀ bọ̀ láìbẹ̀rù. Òkúta mi wà lábẹ́ omi, ọ̀dà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún ò sì lè ràn án lọ́wọ́.

Ilẹ̀ ò tí ì ṣú tí mo fi dé. Básíkù ni mo kọ́kọ́ rí, wọ́n fi ti ògiri ṣọ́ọ̀bù, iwájú rẹ̀ ti wọ́. Ìyá oníbúrẹ́dì sáré wá bá mi: "Àǹtí, Bàbá ṣubú o! Ìbàdí ló fi gbálẹ̀, kò lè dìde mọ́. Kòtò ló kó sí. Wọ́n ti gbé e lọ sọ́síbítù." Gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀ ń ṣépè fún kòtò, wọ́n ń ṣépè fún àwọn tí kò tún títì ṣe. Omi ti ń fà. Mo wo ilẹ̀, mo sì rí nǹkan funfun kan tó yọ orí díẹ̀. Mo dá a mọ̀. Mo dúró títí wọ́n fi tú ká, mo bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń yẹ táyà wò, mo gbé e, mo jù ú sínú búùtù, mo fi ìró àlòkù bò ó.

Bó bá mọ bẹ́ẹ̀, bóyá n bá máa sọ pé ẹ̀rù ló bà mí. Ohun tí mo ṣe lọ́síbítù lọ́jọ́ kejì ni n ò rí orúkọ fún. Ọmọ Bàbá obìnrin ti dé láti Abẹ́òkúta. Bàbá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń bínú. Ó ní, "Mo ní kò sí kòtò níbẹ̀! Nǹkan tó le ni mo gùn." Ọmọ rẹ̀ ní, "Dádì, gbogbo èèyàn ló ní kòtò ni. Ojú yín ò ríran tó tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹ jọ̀ọ́." Ó wá yíjú sí mi. "Àǹtí aláṣọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wa mọ́tò kọjá níbẹ̀. Ṣé kòtò wà níbẹ̀ àbí kò sí?"

Mo gbé ọsàn tí mo rà wá sílẹ̀. Mo ní, "Kòtò wà níbẹ̀ o."

Bàbá wò mí. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwọ lo sọ ọ́, á jẹ́ pé ojú mi ló ti ń tàn mí." Ó kọ ojú sí ògiri, kò sì tún bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo tún bíréèkì ọwọ́ ṣe. Mẹkáníìkì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní òjò á rọ̀ lónìí. Nígbà tí Bàbá jáde lọ́síbítù, èmi ni mò ń fi mọ́tò gbé e lọ gbé e bọ̀ nígbàkígbà tí dókítà bá fẹ́ rí i, gbogbo kílóòsì sì ń ṣàdúrà fún mi. Wọ́n ní ọmọ tó bí kò ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún un. Mò ń ṣe àmín. A máa ń kọjá lórí àwọn kòtò wọ̀nyẹn, màá sì máa retí kó kà wọ́n, kò kà wọ́n. Lọ́jọ́ kan mo fi ọgbọ́n bi í: "Bàbá, mélòó ni wọ́n báyìí?" Ó ní, "Èmi ò mọ̀ mọ́, ọmọ mi. Bi àwọn tó ríran." Òkúta sì wà lẹ́yìn wa nínú búùtù.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ san dé ìwọ̀n àyè kan. Dókítà tiẹ̀ ní bó bá yá, ó lè máa gun básíkù díẹ̀díẹ̀. Bàbá ní rárá, pé ẹni tí kò rí kòtò kò ní nǹkan ṣe lójú títì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìṣubú yẹn kọ́ ló gba básíkù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu mi ni. Síbẹ̀ n ò sọ̀rọ̀. Wọ́n fi básíkù ta ẹni tó ń ṣọ́ géètì ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rẹ, ọmọ Bàbá sì wá mú Bàbá lọ sí Abẹ́òkúta. Mo dúró lẹ́nu géètì, mò ń juwọ́ sí i.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Ní ọdún yìí, ìyá oníbúrẹ́dì sọ fún mi pé òun bá ọmọ Bàbá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, pé Bàbá kì í jáde síta mọ́, kì í tiẹ̀ fẹ́ dá gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ó ní ojú òun ò ṣeé gbọ́kàn lé. N ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣì wà lára mi. Ní Sátidé, mo wa mọ́tò lọ sí Abẹ́òkúta.

Mo bá a lórí àga ní pálọ̀, ó ti rù. Mo kúnlẹ̀, mo gbé òkúta sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: búrẹ́dì, fóònù, ìró àlòkù, irọ́ tí mo pa lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mò ń retí èébú. Èébú ì bá tù mí lára. Ó na ọwọ́, ó fi ìka pa ọ̀dà ara òkúta náà.

"Kò sí kòtò níbẹ̀?"

"Kò sí, Bàbá."

"Mẹ́tàdínlógún náà ni wọ́n lọ́jọ́ yẹn?"

"Mẹ́tàdínlógún náà ni, Bàbá."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ń pariwo pe ọmọ rẹ̀ láti kíṣìnnì: "Wá o! Wá gbọ́! Mo sọ fún yín! Mo sọ fún gbogbo yín!" Ó fẹ́ dìde kó lọ bá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e, ó padà jókòó. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ọdún mẹ́ta, ọmọ mi."

Ó ti dárí jì mí, ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́. Òkúta náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní òun ò ní í dá a padà fún mi, òun fi ń dá ilẹ̀kùn dúró kí atẹ́gùn lè wọlé. Ọmọ rẹ̀ ní ó ti ń jókòó síta báyìí. Ní gbogbo Ọjọ́rú ó máa ń pè mí láti béèrè iye tí àwọn kòtò náà jẹ́, mo sì máa ń fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ kà wọ́n fún un. Wọ́n ti di mọ́kànlélógún. Mò ń fi ewé sí èyí tó bá jẹ́ tuntun. Láàárọ̀, kí n tó lajú tán, mo ṣì máa ń fetí sílẹ̀ fún agogo ẹ̀ẹ̀mejì yẹn, mo sì mọ ẹni tó pa á lẹ́nu mọ́.