Orin Tí Mo Dá Lábẹ́ Igi Fúrúùtù

Mo ṣì ń gbóòórùn èso fúrúùtù tó ń jẹrà lábẹ́ igi ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti gé igi náà tipẹ́. Nígbà yẹn, ọdún díẹ̀ ló kù kí òmìnira dé. Abẹ́ igi yẹn ni wọ́n ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìjẹ̀ṣà ni àwọn òbí mi, bàbá mi ń ránṣọ ní Apọ́ngbọ̀n, ìyá bàbá mi sì ti ní kí wọ́n kọ pélé sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́ kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Àwọn ọmọ Sàró àti Àgùdà tí a jọ wà ní kíláàsì kò kọlà. Ọmọ onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan láti Marina ló máa ń dá orin, àwọn yòókù a sì gbè é:

"Ta ló ha á lójú?"

"Ológbò ni!"

"Kí ló jí jẹ?"

"Ẹja yíyan ni!"

Nígbà tí mo sunkún dé ọ̀dọ̀ tíṣà wa, obìnrin Sàró tó máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun nínú oòrùn Èkó, kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó ní, "Mú ọkàn rẹ le. Bá wọn kọ ọ́. Bó o bá ń bá wọn kọ ọ́, ọwọ́ wọn ò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́." Mo bá wọn kọ ọ́, mo tilẹ̀ fi ijó sí i. Kí sáà náà tó parí, wọ́n ti fi mí ṣe ẹni tí ń dá orin. Èmi ọlọ́gbọ́n rò pé mo ti ṣẹ́gun.

Sáà kejì ni ọmọbìnrin kan dé láti Èkìtì, kíláàsì kan ló fi kéré sí mi. Ìyá rẹ̀ ń ta òfì ní Jankara, ó sì ti ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé nọ́ọ̀sì lọmọ òun máa ṣe. Bí ọmọ náà ṣe rí ojú mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà kọlà?"

"Mo kọ ọ́."

"Ọpẹ́ o. Mo ti rò pé èmi nìkan ni."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọmọ onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì fi ìgúnpá gún mi. "Ó yá, dá a fún un." Mo mọ̀ pé bí n kò bá dá a, èmi ni wọ́n máa padà kọ ọ́ sí. Mo dá a. Mo dá a ní gbogbo sáà yẹn. Bí wọ́n bá ń gbè é, èmi nìkan lọmọ náà máa ń wò. Mo fún un ní ìmọ̀ràn tí tíṣà fún mi: "Bá wa kọ ọ́, kò ní dùn ẹ́ mọ́." Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ kò jáde.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìyá rẹ̀ nìkan ló wá bá gbogbo wa níbi àdúrà òwúrọ̀. Ó ní ọmọ òun fi òkúta tí òun fi ń ha gìgísẹ̀ bó ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, kó lè pa ilà náà rẹ́. Òun kò wá jà, sílétì ọmọ náà lòun wá gbà. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, ẹ bá mi bi wọ́n, ta ló ń dá orin náà?" Gbogbo ìka nà sí mi. Obìnrin náà wo ojú mi pẹ́. "Ìwọ tó o kọlà bí ọmọ mi." Ó gba sílétì, ó lọ.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àmọ́ tíṣà wà níbẹ̀. Nígbà tó kú, wọ́n yìn ín gidigidi. Ọmọ onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì ṣì máa ń dì mọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní eré ọmọdé ni. Nígbà tí mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo bá ọmọ Èkìtì náà ní ìsọ̀ ìyá rẹ̀, ó ń ká òfì. Ilà kan péré ló kù ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, àpá ti jẹ ìyókù. "Kí lẹ fẹ́, mà?" ló wí, bí ẹni tí kò rí mi rí.

Lóṣù tó kọjá, ilé ẹ̀kọ́ náà kọ̀wé pé kí n wá kọ́ àwọn ọmọ bí wọn yóò ṣe mú ọkàn le níwájú ẹni tó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. N kò tíì fèsì. Ọkàn mi le lóòótọ́. Ohun tó yẹ kó wọ inú rẹ̀ kò ríbi wọlé. Kí ni mo fẹ́ kọ́ wọn? Orin yẹn nìkan ni mo mọ̀, mo ṣì mọ̀ ọ́n dá.